Idà Bàbá Àgbà Tí Mo Pè Ní Ayédèrú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé, tí ara òpó ń dán, tí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lójú ọ̀nà ní Sharjah níbí, tí mo gbé báàgì kọ́ èjìká, tí mo ń sáré lé bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Dubai, ẹ ó ní obìnrin yìí kò ní ìṣòro. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, visa mi pé, ara mi le. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí bàbá tó bí mi kò pè mí ní orúkọ tó ti ń pè mí láti ìgbà èwe mi. Akọ̀wé ló ń pè mí. "Akọ̀wé mi, ṣé o jí ire?" Bó ṣe ń kí mi fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Ní báyìí, orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ ló fi ń pè mí, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò. Kò bínú o. Kò bú mi. Ó kàn gba Akọ̀wé padà lọ́wọ́ mi ni. Ta ni mo fẹ́ lọ fi ẹjọ́ sùn? Èmi ni mo ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń mú ohun gbogbo. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n ń kọ ìwé ìsìnkú. Wọ́n bèèrè ọdún tí wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bèèrè orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, bàbá mi wo ilẹ̀. Mo ní, háà, ṣé bí èèyàn ṣe ń parẹ́ nìyí? Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra ìwé kan, ẹ̀yìn rẹ̀ le, àwọ̀ búlúù ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ilé wa sínú rẹ̀. Ẹni tó bí ẹni. Ọdún tí a kan páànù. Ẹni tó fún wa ní àga gígùn inú pálọ̀. Ìdí tí fèrèsé kan fi wọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kọjá ibẹ̀. Nígbà tí bàbá mi rí ohun tí mo ń ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Akọ̀wé. Ìwé búlúù náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Mo fi aṣọ dì í, mo gbé e wọkọ̀ òfuurufú wá sí ibí.

Ohun tó gba ojú ewé jù nínú ìwé náà ni idà Bàbá Àgbà. Bàbá tó bí bàbá mi bá àwọn òyìnbó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì. Kì í ṣe oníbọn. Aláàárù ni. Orí ni wọ́n fi ń ru àpótí ọta àti oúnjẹ gun òkè nínú igbó oparun, nígbà tí mọ́tò kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tó padà dé ìlú wa lọ́nà Ìkirè, ohun mẹ́ta ló mú bọ̀: bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ibà tí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú, àti idà ọ̀gá ṣọ́jà Japan kan. Ìtàn tó máa ń sọ kò gùn. Ó ní nígbà tí ogun ń parí lọ, ọkùnrin kan jáde láti inú oparun, ó ti rù kan egungun, ó fi ọwọ́ méjèèjì na idà náà sí òun, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Bàbá Àgbà bu omi fún un, ó gba idà, ó mú ọkùnrin náà lọ bá àwọn ọ̀gá. Òyìnbó tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ ní kí ó máa mú idà náà lọ. Ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé ayé. Àwọn kan nínú ìdílé wa àti ní àdúgbò kò gbà á gbọ́ rí. "Aláàárù ló gba idà lọ́wọ́ ọ̀gá ogun? Ọ̀gá ogun ló wá ń sunkún nítorí irin?" Ẹkún yẹn ni wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní bí ọkùnrin náà ṣe rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà, ijó ló yẹ kó jó.

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, idà náà bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi, òun náà sì fi gbé orí rẹ̀ sókè. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìrántí ikú bàbá rẹ̀, ó máa ń já a sílẹ̀ lára ògiri, a ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, a ó fi yanrìn bó o, a ó fi epo pa á, yóò wá sọ ìtàn náà fún àwa ọmọ. Ó máa ń fi oríkì tó fúnra rẹ̀ ṣe parí rẹ̀: "Ọmọ aláàárù tó ru ẹrù lọ, tó ru idà bọ̀." Ohùn rẹ̀ máa ń yí padà níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé ikú ìyá mi, ìpẹtà mú idà náà gan-an, àwọ̀ ara àkọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí. Bàbá mi kò lè fara dà á. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wẹ́dà fi máṣìnnì lọ ọ́ títí irin náà fi ń dán bíi jígí. A wá gbé e délé, Bàbá mú ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tó ṣẹ́ kù lára èyí tí a fi kun orí géètì wa, ó fi kun èèkù idà náà àti àkọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo di agolo ọ̀dà mú fún un. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń kùn ún. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: "Lónìí, Bàbá kun idà. Ó dà bíi tuntun." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Ọdún kẹfà mi rèé nílẹ̀ Lárúbáwá. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ ti ń tún yàrá ṣe, kí n tó ríṣẹ́ ìtọ́jú ilé lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Mirdif, ní Dubai. Ará Íńdíà ni, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká sí ìlú òyìnbó. Saabu ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ní èdè wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan lókè, tí mo gbé ìgbálẹ̀ dání, ẹsẹ̀ mi ò lè lọ síwájú mọ́. Idà kún ibẹ̀! Mẹ́rìnlá, lórí pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ idà ọ̀gá ṣọ́jà Japan. Kò kó irú mìíràn jọ. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń wá wọn kiri, ó sì níwèé àṣẹ lórí wọn. Mo sọ fún un pé ọ̀kan bí èyí wà nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí ọmọdé bá ní òun rí òṣùpá nínú garawa. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìwé búlúù mi, tí mo sì ṣàlàyé ohun tí mo ń kọ sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni n óò máa kọ rẹ́jísítà àwọn idà náà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lára idà kan ṣoṣo ju ohun tó wà nínú ilé odidi lọ. Mo mọ òdòdó kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sára irin tó wà láàárín èèkù àti idà. Mo mọ̀ pé àwọ̀ okùn tó rọ̀ létí èèkù ló ń sọ bí ipò ọ̀gá náà ṣe ga tó. Mo mọ̀ pé awọ ẹja ló wà lábẹ́ okùn tí wọ́n fi wé èèkù, tí ọwọ́ kì í fi í yọ̀ nínú òógùn. Saabu kì í fi ọwọ́ lásán kan irin. Kì í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kí itọ́ má baà ta sí i. Òróró tó ń rùn bíi kànáfùrù ló fi ń pa á, bébà rírọ̀ ló fi ń nù ún. Yóò wá gbé e sí iná, yóò ní, "Wò ó." Bí mo bá wò ó dáadáa, n óò rí ìlà funfun kan tó ń lọ létí ojú tó mú, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìgbì omi. Ó ní iná àti omi alágbẹ̀dẹ ló kọ ìlà yẹn. Ó ní àwọn idà kan, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ wọ́n jáde nígbà ogun, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jẹ́ ti ìran ìdílé, bàbá fún ọmọ, ọmọ fún ọmọ. Nígbà tí ogun dé, wọ́n bọ́ aṣọ àtijọ́ lára wọn, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́jà fún wọn. Ó ní lóde, ọ̀kan náà ni wọ́n. Inú èèkù, níbi tí ìdí irin wọ̀ sí, ni alágbẹ̀dẹ ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ nìkan ni kì í purọ́.

Rísíkà, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan, lèmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá ní Sharjah, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ni bedspace wa, tèmi lábẹ́, tirẹ̀ lókè. Ọ̀rọ̀ idà sú u. "Ẹ̀gbọ́n, idà náà tún ni? Àbí Saabu ti fi idà fẹ́ yín ni? Yalla, ẹ jẹ́ ká jẹun, ẹ̀bà ti ń tutù." N óò rẹ́rìn-ín, n óò tún máa bá a lọ. Ó dà bíi pé mo ti di ẹnì kan. Èmi, ọmọ aláàárù, tí mo lè wo idà kí n sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀!

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fi idà kan ránṣẹ́ sí Saabu pé kó bá òun wò ó. Saabu fà á yọ, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sórí tábìlì. Wọ́n ti fi máṣìnnì lọ ọ́. Ìlà omi náà ti lọ pátápátá, irin náà ń dán bíi ṣíbí tuntun. N kò tíì rí i kí inú bí i tó bẹ́ẹ̀. "Ẹranko ló ṣe èyí! Ta ni yóò gbé máṣìnnì sára irú nǹkan báyìí bí kò ṣe ẹni tí kò lórí?" Ó wá yọ ṣùtì, ó ní, "Bóyá ó tún fẹ́ fi ọ̀dà kùn ún." Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ojú bàbá mi ni mo sì ń rí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú orin tó ń kọ lábẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Bàbá pè mí. Ìrántí Bàbá Àgbà ti ọdún náà ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí a tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ìtàn rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀, kí àwòrán idà wà lẹ́yìn ìwé. "Akọ̀wé mi, ìwọ ni kó o kọ ọ́. Mo ti ń darúgbó. Kó wà ní bébà kí n tó lọ." Inú mi dùn. Mo ní kí Kúnlé, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá, ya àwòrán idà náà ránṣẹ́ sí mi. Ó yà á. Mo gbé fóònù fún Saabu ní ilé ìdáná rẹ̀, níbi tó ti ń mu tíì. Ó fẹ àwòrán náà lójú, ó tún fẹ̀ ẹ́. Irin tó ń dán, kò sí ìlà. Èèkù tó kún fún ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi máṣìnnì tàbí ọ̀dà kan nǹkan yìí rí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ìwé búlúù mi wà nínú báàgì tó kọ́ mi léjìká. Ojú ewé náà wà níbẹ̀, mo mọ ibi tó wà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Lónìí, Bàbá kun idà. Èmi tí mo ní n kò ní jẹ́ kí ohunkóhun parẹ́ nínú ilé wa, mo dúró síwájú ọkùnrin olówó kan, mo sì pa á rẹ́. Kí ló fà á? Ìtìjú ni. N kò fẹ́ kó pe bàbá mi ní ẹranko. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé ilé tí mo ti wá, ọ̀dà géètì la fi ń tọ́jú ohun iyì. Mo ti di ẹni tó mọ idà, n kò fẹ́ tún di ọmọ ẹni tí kò mọ̀.

Saabu mi orí. Ó ní bí kò bá ti sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé ayédèrú ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe jọ tà fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má tíì sọ̀rọ̀. Ó ní èèkàn oparun kékeré kan wà lára èèkù. Kí wọ́n rọra lù ú jáde, kí wọ́n bọ́ èèkù, kí wọ́n ya àwòrán ìdí irin wá fún òun. Mo sọ fún Kúnlé. Kúnlé ní Bàbá fàáké kọ́rí, pé ẹnikẹ́ni ò ní tú ohun tí bàbá òun kò tú. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èmi, n kò tíì rí abẹ́ èèkù, mo ti dájọ́ lórí baba ńlá mi. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Bàbá ń pè mí lójoojúmọ́. "Akọ̀wé mi, ìwé dà? Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ti dé." Ara mi kò balẹ̀. N kò lè kọ ohun tí Saabu pè ní ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jẹ́wọ́ irọ́ tí èmi fúnra mi pa fún un.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Sharjah, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí Wọ́sáàpù. N kò pe Bàbá ní kọ̀rọ̀. N kò ní kí Kúnlé bá mi sọ ọ́. Gbogbo ìdílé ni mo bá sọ̀rọ̀, ọmọdé àti àgbà, ní ohùn ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, mo ti ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Idà tó wà nílé wa kì í ṣe ojúlówó. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún àlejò. N kò lè kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé." Ẹyin lohùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Bùọ̀dá Láṣún, ọmọ àbúrò Bàbá Àgbà, ti dáhùn. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. "Háà! Ṣé mo sọ fún yín, àbí n ò sọ? Ọjà ni aláàárù ti rà á bọ̀! Ọ̀gá ṣọ́jà ń sunkún, ọ̀gá ṣọ́jà ń sunkún, oníṣòwò ni ó ń sunkún, wọn ò sanwó ọjà ẹ̀ pé!" Àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ Bàbá. Àmì búlúù méjì ni mo rí. Ó ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni Kúnlé pè mí. Ó ní Bàbá jí, ó gbàdúrà, ó gbé àga sídìí ògiri, ó já idà náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó ní kí Kúnlé gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. "Kó sọ ọ́ di àdá. Kó lè ṣe iṣẹ́ kan láyé." Kúnlé bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo fi ìbẹ̀rù pe Bàbá. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní òun kò bínú, pé èmi ni mo kàwé, èmi ni mo rí ayé. Ó ní, "Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí wá ni bàbá mi rù bọ̀?" Ó pe orúkọ mi, orúkọ ọjọ́ kẹjọ, ó ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́ ìrántí dé, kò sí ìwé pẹlẹbẹ, kò sí ìtàn. Kúnlé ní Bàbá gbàdúrà ní ìṣẹ́jú péréte, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Kò ki oríkì. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo ń fi òróró kànáfùrù pa idà onídà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí Kúnlé tó fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, mo ń bẹ̀rù láti fi ránṣẹ́. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ gbá èèkù yẹn kúrò, mo rí nǹkan kan lára ìdí irin bí ìgbà tí adìyẹ bá tan ilẹ̀. Mo yà á kó tó kì í bọ iná." Mo ṣí i. Ìdí irin náà dúdú bí ìkòkò àtijọ́. Máṣìnnì wẹ́dà kò dé ibẹ̀ rí, ọ̀dà bàbá mi kò dé ibẹ̀ rí. Ìkọ̀wé wà lára rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, ó jinlẹ̀.

Mo gbé e fún Saabu. Ó mú awò tó fi ń wo nǹkan kéékèèké, ó jókòó. Ó ń wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó lọ mú ìwé ńlá kan, ó ń ṣí i, ó ń wo fóònù, ó ń ṣí i. Ó ní alágbẹ̀dẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tó ti kú. Ó ní ojúlówó ni, ó ju ojúlówó lọ, idà ìran ìdílé ni tí wọ́n wọ aṣọ ṣọ́jà fún. Ó ní nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá òun, kò sí ọ̀kan tó tó o. Ó wá wò mí. "Ta ló fi máṣìnnì lọ ọ́?"

Mo ní, "Bàbá mi ni, sà. Ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Èmi ni mo di agolo mú."

"Mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí, sà."

Kò pariwo. Ó ní òun náà jẹ̀bi, pé kò yẹ kí òun fi àwòrán sọ̀rọ̀. Ó bèèrè ibi tí idà náà wà. Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo wá sọ ìtàn Bàbá Àgbà fún un fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀, oparun, omi, ẹkún. Nígbà tí mo dé ibi ẹkún, ó gbé orí sókè. Ó ní, "Ó sunkún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wa nìyẹn. Ó ní, "Kí ló ṣe tí kò ní sunkún? Idà bàbá bàbá bàbá rẹ̀ ló fi lé àjèjì lọ́wọ́." Bàbá Àgbà kò mọ ìdí tí ọkùnrin náà fi sunkún. Kò mọ ìran idà, kò mọ orúkọ alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Aláàárù tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́ ló sọ òótọ́. Èmi Akọ̀wé ni mo purọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí, tí mo fi ń bẹ̀ yín. Kúnlé ní kí n sọ ọ́ fún Bàbá. Ó ní, "Àǹtí mi, orúkọ Bàbá Àgbà ti bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ẹ tún un ṣe." Òótọ́ ló sọ. Bí n kò bá sọ ọ́, bàbá mi yóò kú pẹ̀lú èrò pé irọ́ ni bàbá òun fi tọ́ òun dàgbà. Ṣùgbọ́n Rísíkà ní, "Khalas, ó tó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò rí bó ṣe rí? Ẹ fẹ́ sọ fún bàbá arúgbó pé òun fúnra ẹ̀ ló fi máṣìnnì pa idà bàbá ẹ̀ lójú, tó tún gbé e fún alágbẹ̀dẹ?" Òótọ́ lòun náà sọ. Bí mo bá sọ ọ́, mo dá bàbá rẹ̀ padà fún un, mo sì fi ẹrù tí ó ju ti Bọ́mà lọ lé e lórí. Mo ṣí ìwé búlúù mi sí ojú ewé tuntun, mo kọ "Idà" sórí rẹ̀. Kò tíì sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá nílé, bí ẹ bá ti gòkè sí ibi tí wọn kò dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú wọn mú yín níwájú àlejò. "Bàbá mi ló fi ọ̀dà kùn ún." Ọ̀rọ̀ tí mo sá fún nìyẹn. Kí ló wúwo nínú rẹ̀?

Mo pe Bàbá ní Jímọ̀ tó kọjá. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni òun wà, òun ń ṣán koríko. Ó ní, "Àdá tí wọ́n fi ayédèrú yẹn rọ, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, n kò ní irú rẹ̀ rí láyé mi. Kì í kú. N kò tíì pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan." Mo fi ọwọ́ di ẹnu mi, mo ní kí ó máa rọra o. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i, ṣé kí n sọ ọ́ fún un ni àbí kí n fi sínú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìsinmi mi ti sún mọ́, mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, Bàbá sì ti ní ìrèké ẹ̀yìnkùlé ti gbó, àdá yẹn lòun máa fi gé e dè mí.